Ajẹmájèlé Òkè-Ọ̀wàwà

Lọ́jọ́ tí ata Òkè-Ọ̀wàwà kọ̀ tí kò ta mọ́, Olóyè Ọdẹ́gbàmí rò pé ìyàwó òun ló ń fi òun ṣeré. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tún un tọ́ wò, ó wá bi Ìyá Ìbíyẹmí bóyá tòmátì nìkan ló lọ̀. Ìyá Ìbíyẹmí wọ ilé ìdáná lọ, ó mú ata rodo tútù kan bọ̀, ó là á sí méjì níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àgbálùmọ̀. Ojú rẹ̀ kò pọ́n, imú rẹ̀ kò ṣomi. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó ba olóyè.

Kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìlú tí à ń wí. Láyé ìgbà náà, tí ọkọ̀ ti ń ná inú òṣùpá bí èyí tó ń ná Ìbàdàn lónìí, ata Òkè-Ọ̀wàwà lókìkí débi pé àwọn tó ń gbé lókè lọ́hùn-ún ń ránṣẹ́ wá rà á. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ láàárọ̀, ìyá rẹ̀ ni yóò máa pè títí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìlú náà tún ní nǹkan mìíràn tó fi lókìkí, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun àmúyangàn. Abẹ́ òkè ibẹ̀ ni àgbá májèlé ogun tó kù ní gbogbo ayé wà.

Ogun kan ló jà láyé àwọn àgbà wọn. Àwọn ọmọ ogun kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí orúkọ wọn mọ́ gbẹ́ ihò sínú àpáta, wọ́n kó àgbá sí i, wọ́n dí ẹnu rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọn ò sọ fún onílẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà jò, bàbá Ọdẹ́gbàmí wà lóko nítòsí ibẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé wálé. Ọmọdé ni Ọdẹ́gbàmí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé àwọ̀ tí ètè bàbá rẹ̀ ní.

Nígbà tó yá, gbogbo orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí Àdéhùn Àgbáyé. Àdéhùn náà kò ṣòro lóye: ẹni tó bá ní májèlé ogun, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n pò tàbí àrùn tí wọ́n ń sìn bí ẹran ọ̀sìn, kó sọ ọ́, kó fi hàn, kó sì pa á run lójú ẹlẹ́rìí. Gbogbo ayé ṣe é tán, ó wá ku Òkè-Ọ̀wàwà. Àjọ tó ń mójú tó àdéhùn náà kìlọ̀ pé bí májèlé bá ṣì wà lábẹ́ òkè nígbà tí ọdún bá yí, àwọn yóò kó gbogbo ará ìlú kúrò, àwọn yóò sì fi kọnkéré bo ilẹ̀ náà. Olóyè Ọdẹ́gbàmí kò bẹ Ọlọ́run fún ohun púpọ̀ mọ́ láyé. Ó kàn fẹ́ kú sínú ilé tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí ni.

Nítorí èyí ni Àjọ ṣe rán Dókítà Ṣówándé wá, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó mọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá, èyí tí àwọn ará ìlú sọ ní Ikùn Irin. Inú rẹ̀ ni àwọn ajẹmájèlé ń gbé. Dókítà ló ṣẹ̀dá wọn. Wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, ohun tí gbogbo ìyá ń kìlọ̀ fọ́mọ pé kó má jẹ ni oúnjẹ tiwọn. Wọ́n á da májèlé sí ẹ̀rọ náà lókè, wọ́n á sì gbọn omi lásán nísàlẹ̀. Àgbá ń ṣófo tẹ̀lé àgbá, ìlú ti ń dá ara rẹ̀ lára yá, kí ata tó ṣe ohun tó ṣe yìí.

Àwọn ìjòyè ránṣẹ́ pe Dókítà. Ó ti yẹ ata náà wò kó tó wá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú wọn fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn ajẹmájèlé ti jáde. Wọ́n ti wọ ilẹ̀, wọ́n ti gba inú ilẹ̀ wọ ata, ohun tó ń mú ata ta sì jọ májèlé díẹ̀ lẹ́nu wọn, ni wọ́n bá ń jẹ ẹ́.

"Báwo ni wọ́n ṣe jáde?" Olóyè Ọdẹ́gbàmí bi í. "Ìwọ lo sọ fún wa pé eṣinṣin ò lè ráyè gba ara ẹ̀rọ yẹn."

Dókítà wolẹ̀. "Bàbá, ẹ rántí ọjọ́ tí a ṣí ẹ̀rọ náà. Ẹ ní ká bu omi tútù wá, kí ẹ fi ṣe ìwúre sílẹ̀. Kò sí omi nítòsí. Gbogbo ìlú ti dúró, ẹ sì ti na ọwọ́. Ẹnu ẹ̀rọ ni mo ti bu ún, inú omi yẹn ni wọ́n wà."

Gbogbo wọn ló rántí bí olóyè ṣe ta omi náà sílẹ̀ láàárín oko, bó ṣe wúre dáadáa, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe àṣẹ lé e.

"O mọ̀ pé kò yẹ kó o bu omi yẹn?" Olóyè Ọdẹ́gbàmí bi í.

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo rò ó lọ́kàn pé ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé kó kó ọwọ́ rẹ̀ padà lójú gbogbo ìlú?"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nílùú mìíràn, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò ní kí wọ́n dúró, wọ́n á sì dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé, ẹ̀kọ́ ilé náà ló sì kó bá a. Olóyè pàápàá kò lè bá a wí, nítorí ọwọ́ òun ló da omi.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé, lójú Àdéhùn, ohun ẹlẹ́mìí tí ènìyàn ṣẹ̀dá, tó wá bọ́ sínú ìgbẹ́, ohun ìjà ni. Olùyẹ̀wò tí Àjọ rán sì ti wà lójú ọ̀nà. Olóyè Lísà dá a lábàá pé kí wọ́n lọ ra ata gidi ní ìlú kejì, kí wọ́n fi se ọbẹ̀ fún àlejò, kí ẹnu rẹ̀ jó dáadáa, kó fọwọ́ síwèé, kó máa lọ. Àwọn yòókù mi orí pé ó dára. Dókítà náà kò sọ pé rárá.

"Ohun tí àwọn tó sin àgbá yẹn ṣe gan-an nìyẹn," Ọdẹ́gbàmí wí. "Wọ́n fi nǹkan pamọ́, wọ́n lọ. Bàbá mi ló bá a pàdé. Mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni fi nǹkan pamọ́ sórí ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe ata."

Lísà rán an létí pé tí wọ́n bá kó ìlú kúrò, kò ní í kú sílé bàbá rẹ̀ mọ́. Ọdẹ́gbàmí ní òun mọ̀.

Ìyáàfin Lákísímì ni olùyẹ̀wò náà, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi agbédè sétí. Agbédè yìí ń sọ èdè kan di òmíràn kí ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tí olóyè fi rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ, ó ní òun kò lè fojú fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé àgbá tó kẹ́yìn jáde.

Apá irin ń gbé àgbá náà bọ̀ lẹ́nu ihò, gbogbo ìlú ń wòran, ni ìdí àgbá bá ré bọ́. Ó ti dípẹtà. Omi dúdú inú rẹ̀ dà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó forí lé ìsàlẹ̀ níbi tí èrò pọ̀ sí. Dókítà pariwo pé kí wọ́n gun àpáta. Wọ́n sá. Orúnkún Olóyè Ọdẹ́gbàmí kò gbà á láti sáré, olùyẹ̀wò sì dúró tì í, ó di apá rẹ̀ mú. Koríko ń rọ níwájú wọn, ó ń pọ́n, ó ń dúdú. Ẹ̀rọ ìwọn-májèlé ọwọ́ olùyẹ̀wò ń ké kíkankíkan. Olóyè rò pé ètè òun náà ti fẹ́ ní àwọ̀ tí ètè bàbá òun ní.

Nígbà tí omi náà dé etí oko ata àkọ́kọ́, ó dúró. Ewé ata kò rọ. Ẹ̀rọ tó ń ké rọra ń wálẹ̀, ó sì dákẹ́. Olùyẹ̀wò gbá a mọ́ itan, ó tún un wò.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́," Dókítà wí, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

Nígbà tí ara gbogbo ènìyàn balẹ̀, tí wọ́n ti padà sí gbọ̀ngàn ìlú, Ìyáàfin Lákísímì ní kí òun tó lè pe irú nǹkan yìí ní ohun ìjà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àdéhùn ní kí òun bi wọ́n: ta ni nǹkan yìí ti ṣe ní jàǹbá? Olóyè ní kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, àfi ọbẹ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n bu díẹ̀ wá. Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ rọ, ó ní nílé àwọn, irú ọbẹ̀ yìí lè tú ìgbéyàwó ká. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó wá fọwọ́ sí i pé kò sí májèlé ogun mọ́ lórí ilẹ̀ ayé. Wọ́n jó lọ́jọ́ náà, Olóyè Ọdẹ́gbàmí sì jó ju gbogbo wọn lọ, tòun ti orúnkún rẹ̀.

Bí àlejò ṣe fẹ́ máa lọ, Ìyá Ìbíyẹmí gbé àpò iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún un. Kò gbà á. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ìlú náà wà nínú kòtò òkè, òjò rẹ̀ kì í ṣàn jáde, ìdí nìyẹn tí òun fi lè jẹ́ kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ìbátan májèlé ni oògùn púpọ̀, bí ajẹmájèlé bá dé ibi tí wọ́n ti ń gbin ewé oògùn, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bá hù ní Òkè-Ọ̀wàwà kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, nítorí iná kì í pa wọ́n. Omi kíkan inú ènìyàn nìkan ló ń pa wọ́n. Ohun tó bá ti wọ inú lè lọ.

"Títí di ìgbà wo?" Ìyá Ìbíyẹmí bi í.

"Títí ni, ìyá."

Àwọn ìjòyè ní kí ló tún burú nínú ìyẹn. Owó ata ti lọ ná, wọ́n sì ti gbà pé ó lọ.

Nígbà tí ọdún parí, Ìbíyẹmí, ọmọ kan ṣoṣo tí olóyè bí, ti Abẹ́òkúta wá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bọ́ wọn bí ẹni tó ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Dùndún láàárọ̀, iyán lọ́sàn-án, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun láàárín méjèèjì, títí àwọn ọmọ fi ń sá fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó tẹ̀lé wọn dé ìdí ọkọ̀, ó yára padà sílé ìdáná, ó tún jáde. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó tún yíjú padà síbẹ̀.

"Ìyá mi," Ìbíyẹmí wí, "mo ti yó."

Ọkọ̀ gbéra. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, kò sí iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan níbẹ̀, ó kọjá ẹnubodè láìdúró. Olóyè Ọdẹ́gbàmí jókòó síwájú ilé bàbá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí láyé. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá jókòó. Ó ní ilé ṣì ń bẹ, kò sí nǹkan lábẹ́ òkè mọ́, ọmọ yóò sì tún wá. Ìyá Ìbíyẹmí ní òótọ́ ni. Ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó gbé wọn kúrò, ó tún gbé wọn padà síbẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tí à ń fi ọwọ́ ṣe.