Bẹ́ẹ̀ Ni Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Ṣe Ń Ké

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé. Ẹni tó ń fọ abọ́, fi abọ́ sílẹ̀ ná. Ọbẹ̀ ti wà lórí iná, a máa jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọrin yìí, torí orin ni mo fi ń rántí ohun tí mi ò kà níwèé:

Ó ń tí-tí-tí, ẹ jẹ́ ó máa tí,
irin gbígbóná ló ń tutù.
Ó ń wúkọ́ pá-pá, ẹ jẹ́ ó máa wú,
ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ló fẹ̀.
Ó ń ha bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò,
ẹ sọ̀ o, ẹ sọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀!

Ọdún 2009 ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àdùfẹ́ télọ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Olódì-Àpápá, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ̀ búlúù kékeré kan, onílẹ̀kùn méjì, fẹ́ dúró níwájú ìta. Bó ṣe fẹ́ dúró ni ìdí táyà iwájú ké gùrààà, irin lórí irin. Ẹsẹ̀ Àdùfẹ́ dúró gbagidi. Abẹ́rẹ́ wọ inú aṣọ, kò jáde mọ́.

Ó mọ igbe yẹn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ pupa Kọ̀yà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kọ̀yà ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní wáàfù Àpápá, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì fẹ́ràn ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì yẹn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó gbé ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Màámi, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ha?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣó o ti fi han Dókítà tó ń tún un ṣe?"

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ṣe ń ké."

"Ṣé ìwọ wá mọ̀ ọ́n jù ú lọ ni? Fọkàn balẹ̀, jàre."

Kọ̀yà fọkàn balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Ìjọra, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò gbọ́. Ìdí tírélà tó dúró jẹ́ẹ́ ló wọ̀.

Àdúgbò ní eré àsápajúdé ló pa á. Àwọn ará ilé Lilian, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ní ọtí ló mu. Wọn ò tiẹ̀ wá sí ibi ìsìnkú. Àdùfẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Òun ló tún wá gbọ́ igbe náà yìí lára ọkọ̀ ẹlòmíì. Ó fò jáde, ó ti ọwọ́ bọ fèrèsé, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe yẹn?" Chinyere ni, nọ́ọ̀sì kan tó máa ń rán yunifọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ta ló ń tún ọkọ̀ yìí ṣe fún ẹ?"

"Dókítà náà ni. Múyìwá, ní Àjégúnlẹ̀. Màmá, abeg, ẹ má bẹ̀rù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ṣe ń ké."

Àdùfẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, gèlè rẹ̀ yí kúrò lórí.

Bàbá Sàídù ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun ní wáàfù, oríṣi èyí tó o bá dárúkọ. Ó jókòó sínú ọkọ̀ búlúù, ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì ń dún tík-tík-tík.

"Èyí ò ṣe nǹkan. Ó tutù ni, ọ́ìlì ò tíì gòkè."

Ó tẹ iná mọ́ ọn, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lójijì. Pá! Pá! Chinyere fò sẹ́yìn.

"Ìyẹn náà ò ṣe nǹkan. Sàlẹ́ńsà ẹ̀, ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, ló fẹ̀." Ó pa á, fáànù ṣì ń kùn, irin ń dún tí-tí-tí. "Ó ń fẹ́ ara ẹ̀ ni, irin gbígbóná ló ń tutù."

Lẹ́yìn náà ló sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Gùrààà. Bàbá Sàídù pa ọkọ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Bíréèkì dáadáa lè súfèé láàárọ̀ tí ìrì bá sẹ̀ sí i. Kì í ha. Irin ló ń jẹ irin yìí."

Ó fi jáàkì gbé e, ó tú táyà. Díìsì, irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún mọ́, ti fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo. Kì í tiẹ̀ ṣe ti ọkọ̀ náà.

"Wọ́n ti yọ tojúlówó tà. Àlòkù ọkọ̀ mìíì ni wọ́n fi há a."

Chinyere fọwọ́ bo ẹnu. "Lọ́jọ́ Sátidé ni mo fẹ́ fi gbé màámi lọ sí Badagry."

Ní téṣàn, Ìnsípẹ́kítọ̀ Tamuno fetí sí wọn, ó ń fi bírò kan tábìlì. "Ẹ̀rí dà? Á ní ẹ̀yin lẹ ra ayédèrú wá."

Àdùfẹ́ tó ti ń sunkún látìgbà tí wọ́n ti wọlé nu imú. "Ọ̀gá, tí aṣọ oníbàárà méjì bá jọra, ṣé ẹ mọ bí àwa télọ̀ ṣe ń mọ̀ wọ́n? Inú lọ́hùn-ún la ti ń fàmì sí i, níbi tẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ò ní wò."

Bírò dúró. "Ẹ máa bá a lọ, Màmá."

Bàbá Sàídù wá díìsì gidi, ó wọ̀ ọ́ sí ọkọ̀ búlúù. Kó tó wọ̀ ọ́, Àdùfẹ́ gba ayùn irin lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa ìlà mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́bọ̀, Chinyere wakọ̀ lọ sí Àjégúnlẹ̀. Múyìwá jáde nínú kóòtù funfun, rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn kọ́ ọ lọ́rùn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà nìyẹn.

"Dókítà, tí mo bá pa á, ó máa ń tí-tí-tí. Ó sì ń wúkọ́."

Múyìwá gbé rọ́bà sórí ẹ́ńjìnnì, ó mirí bí ẹni dúró ti òkú. "Háà, sístà. Ẹ́ńjìnnì ti ń kú lọ. Fi í sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́."

"Bíréèkì ńkọ́? Ó ti dákẹ́."

Ojú rẹ̀ sáré lọ sí táyà. "Ó dákẹ́? Èyí ló burú jù! Sípọ́ọ̀tì tí ò ké, àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára."

Nírọ̀lẹ́, Chinyere gbé ọkọ̀, ó rọra wà á dé kọ̀rọ̀ òpópónà, níbi tí Bàbá Sàídù àti Tamuno ti ń dúró dè é. Igbe ti padà. Bàbá Sàídù tú táyà. Kò sí ìlà mẹ́ta. Tamuno fun fèrè.

Múyìwá rí aṣọ dúdú ọlọ́pàá, ó sáré gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Tamuno na ọwọ́, ó gbá a mú lẹ́yìn ọrùn; kóòtù funfun ló kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ni ín ti fo ọgbà, ó ti gun ọ̀kadà. Ọkọ̀ búlúù ò ṣeé fi lé e, kò ní bíréèkì. Tamuno náà dá ọ̀kadà dúró. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ agbada gàrí kọjá, wọ́n da àpótí onígíláàsì tẹ́nì kan fi ń ta pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nù, títí dé etí omi ní Marine Beach.

Múyìwá ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi. "Gbéra! Gbéra!"

Raphael tó ni ọkọ̀ ń fa okùn ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́. "Ọ̀gá, ó tutù ni, ẹ jẹ́ ó mí."

Múyìwá tì í ṣubú, ó gba okùn, ó ń fà á bí wèrè, ó ń tẹ epo sí i. Epo bo ẹ́ńjìnnì, ó kú pátápátá. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Tamuno ti wà nínú omi dé orúnkún, ó ti di ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Dókítà, a láláìsàn kan ní téṣàn. Máa bọ̀."

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rí díìsì onílà mẹ́ta nínú bébà ìròyìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni irin bíréèkì mìíì wà, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò. Àdùfẹ́ dá a mọ̀. Òun ló bá Kọ̀yà di agolo ọ̀dà mú lọ́jọ́ tó ń kùn ún. Ó gbé e sí etí ìró rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n mọ́ra, ariwo tó jáde lẹ́nu rẹ̀ mú kí àwọn ọlọ́pàá bojú wolẹ̀.

"Ta ló ni eléyìí?" Tamuno bi Múyìwá ní téṣàn.

"Mi ò mọ̀."

"Mo tún bi ẹ́."

"… Ti Kọ̀yà ni. Mò ń retí ẹni tó máa rà á."

Àdùfẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kóun bi í ní ọ̀rọ̀ kan. "Ṣé ó padà wá bá ẹ lọ́jọ́ tó kú?"

Múyìwá ò wojú rẹ̀. "Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n tún bá òun wò ó. Mo sọ ohun tí mo máa ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí màámi náà ṣe wí nìyẹn. Ló bá wakọ̀ lọ."



Wọ́n gbé Múyìwá lọ sílé ẹjọ́. Ọlọ́kọ̀ mẹ́rin mìíì wá tú táyà wọn níwájú Bàbá Sàídù, àlòkù ló wà ní gbogbo ẹ̀, wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àdùfẹ́ se ìrẹsì àti ẹja tútù, ó ní kí àdúgbò wá. Tamuno dìde, ó sọ bí Kọ̀yà ṣe kú, kò fi nǹkan kan pamọ́: ọtí kọ́, eré kọ́. Ìyá Lilian kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìkòkò. "Ìyá Kọ̀yà, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ dìde, ìrẹsì ń tutù."

Bàbá Sàídù rọra bá a sọ̀rọ̀. "Ìyá Kọ̀yà, ẹni tó purọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì ló pa á."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹnu tèmi náà sì wà níbẹ̀."

Chinyere gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un jókòó, ó bọ́ ọ bí ọmọ. Ó jẹ, omijé ń bọ́ sínú àwo, ó sì ń jẹ. Àwọn èèyàn yó, wọ́n dì fún àwọn ará ilé, wọ́n ń kí i ní ìyá ọmọ dáadáa bí wọ́n ṣe ń lọ.

Ó tó. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé abọ́ wá. Ẹran pọ̀, kálukú mú méjì, kí n má rí ẹni tó máa febi lọlé.