Ohun tí Àjàgbé fẹ́ lọ wò ní Kùmásí

Ọjọ́ tí Àjàgbé kọ́kọ́ wá ra òwú lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti fura sí i. Ó mú òwú sányán kan, ó gbé e sí oòrùn, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sì ná an rárá. Ní Ìsẹ́yìn wa níbí, ẹni tí kò bá ná ọjà, nǹkan mìíràn ló wá rà.

"Ta ló ran eléyìí, Ìyá?"

"Ọmọ mi tó jókòó yẹn ni."

Ìgbà náà ló tó wojú mi. "Ọwọ́ rẹ dára," ó ní.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àmọ́ kí n má parọ́, ìfẹ́ rẹ̀ ti kó sí mi lára lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi wá tọrọ mi, tí bàbá mi sì gba ìṣíhùn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti tòrò tán ni Àjàgbé wá sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ sí Kùmásí, nílẹ̀ Àṣàńtì, kí òun tó gbé mi níyàwó.

"Kí lo fẹ́ lọ tà níbẹ̀?" bàbá mi bi í.

"Mi ò fẹ́ ta nǹkan kan, Bàbá. Òfì àwọn bàbá wa nìkan ni mo mọ̀ láti kékeré. Mo fẹ́ lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń hunṣọ."

Bàbá mi jẹ́ kí Àjàgbé lọ tán. "Iṣẹ́ títì tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń fi túláàsì kó àwọn ọ̀dọ́ ṣe ló ń sá fún," ni wọ́n wá wí. "Ta ló ń rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nítorí àtiwòran?"

Ìyápọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé olè ló jà. Èmi ò rò ó jìnnà ní tèmi. Obìnrin ló fẹ́ lọ bá níbẹ̀.

Ṣubúọlá ọ̀rẹ́ mi tún wá bu epo sí iná náà. Àbúrò rẹ̀ ń hunṣọ ní agbo ilé Àjàgbé, níbi tí òun náà ti ń hun. Ó ní aṣọ àjèjì kan wà tí Àjàgbé máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó, tó sì máa ń dá jókòó tì í nígbà tí àwọn yòókù bá lọ kírun Jímọ̀.

Àfẹ́sọ́nà kì í yọjú sí agbo ilé ọkọ. Bó bá rí ará ilé ọkọ lọ́nà, ńṣe ló ń sá pamọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi ìborùn bojú, mo gbé òwú lérí bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, mo gba ibẹ̀ lọ. Owú ti gbà mí lọ́kàn.

Aṣọ náà wà lórí itan rẹ̀ lóòótọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiwa, ó ń dán.

"Ta ló fún ọ?"

"Àyọ̀ká, bí wọ́n bá bá ọ níbí ńkọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́."

"Mo rà á lọ́wọ́ olóbì kan tó ti Kùmásí dé ni."

"Olóbì ló ń mú ọ fi í pamọ́?"

Kò bá mi jà. Ó na aṣọ náà sí mi. Ìgbà tí mo gbà á ni mo rí i pé ìdajì rẹ̀ ti tú. Kò ya. Ó fọwọ́ tú u ni, ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó sì tò wọ́n sórí ẹní bí wọ́n ṣe ń jáde. Kò sí ọkùnrin tó ń tú aṣọ tí àlè rẹ̀ fún un.

"Ọnà tiwa máa ń tẹ̀ lé gígùn aṣọ," ó ní. "Tiwọn á tẹ̀ lé gígùn, á tún dá bùú, lára aṣọ kan náà. Mo tú u títí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí Bàbá Ràmọ́nì, olórí àwa ahunṣọ, bá rí i, wọ́n á ní mò ń kẹ́gàn iṣẹ́ ìdílé. Adúmáadán mi, mi ò sá fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ojú tì mí. Mo mú fọ́nrán kan, mo fi ìka yí i. Kò jọ òwú wa, kò sì jọ sányán wa.

"Ta ló ran èyí?"

"Èmi náà ò mọ̀."

Mo mú fọ́nrán náà dání lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́ nídìí òwú.

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó gbé mi kó tó lọ, ká jọ lọ."

"Kí ni ìwọ fẹ́ lọ ṣe?"

Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á fura sí èmi náà. "Mo fẹ́ máa ṣọ́ ọ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Obìnrin tó gbọ́n ni ọ́." Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

A ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ìkórè iṣu, a sì tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò tó ń gba Ṣakí lọ. Ìyá mi sìn wá dé ìpẹ̀kun ìlú. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ lo fẹ́ lọ ṣọ́," wọ́n ní. "Mo rí fọ́nrán tí o mú wálé. Ìgbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ bíi tìrẹ, mo rí irú òwú tó ń dán yẹn lára aṣọ Gàmbàrí kan. Mo ní mo fẹ́ lọ wo ibi tó ti wá. Àwọn òbí mi ní ọkùnrin ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Kí oṣù tó lé, wọ́n ti fi mí fún bàbá rẹ."

Omi lé ròrò sójú mi, àmọ́ ojú tiwọn gbẹ. Wọ́n bá mi tún ẹrù orí mi gbé dáadáa, wọ́n sì tì mí síwájú díẹ̀.

"Máa lọ," ni wọ́n wí. "Kí o wò ó yó."