Lẹ́tà Tí Mo Fi Sá fún Eré Ìdárayá

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ní kí n fún yín ní lẹ́tà yìí."

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá, yọ fèrè lẹ́nu, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́rú ni, oòrùn sì ti gba gbogbo pápá ilé ìwé wa ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó kà á jáde: "Ràhímátù ọmọ mi ní àìsàn ọkàn. Kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò." Àánú mi ṣe é. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Lọ jókòó sábẹ́ igi."

Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà yẹn o. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo fọwọ́ sí i lórúkọ wọn. Mi ò ṣáà fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí Adébùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi ń làágùn lórí pápá, èmi ń jẹ bískítì lábẹ́ igi, mò ń tẹ fóònù. Mo tún máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń rùn. Táàmù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Nílé náà, ìjókòó ni. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni bàbá mi ń wà. Ilé wa sí ilé ìwé ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, síbẹ̀ wọ́n ń gbé mi lọ láàárọ̀, wọ́n ń gbé mi bọ̀ lọ́sàn-án. Ọmọ apẹja etí ọ̀sà ni wọ́n, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn lọ sílé ìwé nígbà tiwọn. "Ìyà yẹn ò ní kan ọmọ tèmi," ni wọ́n máa ń wí. Ìyá mi á fọwọ́ pa mí lẹ́rẹ̀kẹ́: "Ẹ wo ara ọmọ mi bó ṣe ń dán! Ta ló máa rí i tí ò ní mọ̀ pé à ń tọ́jú ẹ̀?" Bí mo ṣe ń tóbi sí i ni inú wọn ń dùn sí i.

Nígbà tí a dé SS2, wọ́n gbé kíláàsì wa lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé àárín àtẹ̀gùn, èémí mi há, ojú mi ṣú, mo sì ṣubú. Ìgbà tí mo máa lajú, bàbá àti ìyá mi ti dé. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé na lẹ́tà náà sí wọn. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ fún wa, Bàbá Ràhímátù, pé ó ní àìsàn ọkàn."

"Èmi kẹ̀? Èmi ò kọ nǹkan kan o!"

Ìyá mi gba ìwé náà wò, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni. Wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ràhímátù! O fẹnu ara ẹ pe àìsàn wá! O tún wá kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ọsíbítù. Àáfà àdúgbò wa náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣàdúrà fún mi tán. Ìyá mi ò gbà. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ tí mo kọ ló di àìsàn sí mi lára, ọ̀rọ̀ ẹnu náà la ó sì fi lé e jáde. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á ní kí n wí i lẹ́ẹ̀méje pé, "Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ara mi le." Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kí n lọ sùn padà. Mi ò gbálẹ̀ mọ́, mi ò pọnmi, mi ò fọ abọ́. "Ẹ jẹ́ ó sinmi," ni gbogbo ilé ń wí. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Oṣù mẹ́ta kọjá báyẹn, orí ń fọ́ mi, òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá.

Lọ́jọ́ tí ojú mi tún ṣú lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọsíbítù ni wọ́n gbé mi gbà lọ. Dókítà Ògúnlànà, ìyá àgbà kan tí ohùn wọn rọ̀, wọn ìfúnpá mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n wá fìdí kalẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àbí? Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣúgà sì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

"Ẹnu ẹ̀ ló fi pè é, Dókítà. Ó kọ lẹ́tà pé òun ní àìsàn ọkàn, a sì ti ní kó máa sinmi," ni ìyá mi wí, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Rárá, màmá. Ara rẹ̀ ò mọ̀ pé ó kọ lẹ́tà. Ìjókòó látàárọ̀ dalẹ́ àti nǹkan dídùn tó ń jẹ wà lára ohun tó fà á. Ó kéré tán, ó yẹ kí ọmọ máa fi wákàtí kan ṣeré ìdárayá lójúmọ́. Kó sáré, kó rìn, kó tiẹ̀ jó. Ìyẹn ló ń mú kí ọkàn lágbára, kí ara sì rí ṣúgà lò. Gbogbo sinmi, sinmi tí ẹ ń wí yẹn, ṣe ló ń dá kún un."

Bàbá mi ṣí fìlà. "Mo rò pé mò ń kẹ́ ẹ ni. Àṣé mo ti kẹ́ ẹ bà jẹ́." Mi ò rí i kí bàbá mi sunkún rí, mi ò sì fẹ́ rí i mọ́. Wọ́n nu ojú, wọ́n béèrè ìgbà tí mo máa jáwọ́ nínú oògùn tí Dókítà kọ fún mi.

"Mi ò lè ṣèlérí," ni Dókítà dáhùn. "Tó bá ń ṣeré ìdárayá dáadáa, oògùn náà lè dín kù. Ó sì lè má kúrò."

Láti ọjọ́ náà, oògùn láàárọ̀, oògùn lálẹ́ ni. Èmi àti bàbá mi ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé báyìí, díẹ̀díẹ̀, bí dókítà ṣe wí. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń sáré kọjá lára wa, ariwo wọn á gba títì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń dúró mí ká tó dé. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn, ọ̀fẹ́ ni, èmi náà sì ní in rí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ dìde nílẹ̀. Ẹ máa rìn, ẹ máa sáré, kó tó di pé dókítà ló ń pa á láṣẹ fún yín. Ara mi ni mo fi kọ́gbọ́n. Ẹ má fi tiyín kọ́ ọ.