Ojú Ìwé Mẹ́fà

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin kan kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń rọ̀ dirodiro lójú fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Kó tó pariwo, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pè síbẹ̀.

"Ṣé ilẹ̀kùn ò ṣí ni?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ó ṣí. Èmi ni mo ṣí i. Torí ẹnìkan ń bọ̀ ni mo ṣe gba fèrèsé jáde."

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni àwọn méjèèjì, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé jọ sí. Elétí ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, torí bó bá ti gbé etí lé àgádágodo, ó ti ṣí nìyẹn. Akàlẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Ìwé tó bá kà lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ ló ń gbé.

"Ìwé àdéhùn ni mò ń wá," Elétí sọ. "Àwọn òbí wa tẹ̀ka sí i láìkà á. Mo gbọ́ ọ̀gá tó ń sọ ọ́ lórí fóònù: ọdún mẹ́wàá la máa fi ṣiṣẹ́ fún àwọn kan tí a ò mọ̀, a ò sì ní fojú kan ilé. Mọ́ńdè ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wa."

"Màmá mi ni akọ̀wé ọ̀gá."

"Lọ fẹjọ́ mi sùn, nígbà náà."

"Bí mo bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, ṣé màá máa gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ẹ?"

Àṣé ó ti ń gbọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ibi tí wọn ò ti jọ jókòó. Ìyá rẹ̀ rí wọn, ó sì fà á sẹ́yìn. "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ẹ."

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn òbí wá kí ọmọ wọn, òun àti Elétí wọ ọ́fíìsì, Elétí sì ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ̀gá. Ìwé àdéhùn náà wà níbẹ̀, ojú ìwé mẹ́fà ni. Wọn ò tíì ka méjì tí ọ̀gá fi dé, tó ń ti ilẹ̀kùn láti wọlé. Elétí fi ẹ̀yìn dí ilẹ̀kùn náà.

"Máa kà á lọ, olólùfẹ́ mi. Mo wà níbí."

Ọmọbìnrin náà ka ojú ìwé kẹfà tán kí ilẹ̀kùn tó já. Ọ̀gá gba ìwé náà, ó ya á wẹ́wẹ́. "Ó yá, ẹ lọ sọ ohun tó wù yín."

Ni ọmọbìnrin náà bá gba gbọ̀ngàn lọ, ó gun àga, ó sì ka ìwé náà sókè látòkèdélẹ̀ fún àwọn òbí, gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ pátá.

"Irọ́ ló ń pa," ọ̀gá sọ.

Ìyá ọmọbìnrin náà dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. "Kì í ṣe irọ́. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà. Mo ti dákẹ́ tó."

Kò sí ọmọ kan tó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí ló kó wọn lọ.

Ní ẹnu géètì, Elétí lọ bá ìyá náà tìtìjú-tìtìjú. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa wá kí ọmọ yín nílé?"

Kí ìyá tó fèsì, ọmọ rẹ̀ ti di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú lójú gbogbo ènìyàn.

"Bí a bá kàwé tán, ìwọ ni màá fẹ́," ó sọ fún un. "Kò sẹ́ni tó bá mi yàn ẹ́."

Ìyá wo àwọn méjèèjì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ máa lọ sílé.