Ohùn Mọ́tò Bàbá Àgbà

Mofẹ́olúwa ń gbé ní Bódìjà pẹ̀lú Dádì àti Màmá Àgbà. Mọ́tò kan náà ń bá wọn gbé.

Mọ́tò náà ti dàgbà. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí, àfi tí èèyàn bá bẹ̀ ẹ́.

Mọ́tò Bàbá Àgbà ni. Fìlà wọn ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó, níbi tí wọ́n fi í sí.

Bàbá Àgbà fúnra wọn ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa.

Nígbà tí wọ́n wà láyé, àwọn ló máa ń lọ mú Mofẹ́ nílé ìwé. Wọ́n á máa kọ orin ìsìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi délé. Bí wọ́n bá dé ẹnu géètì, wọ́n á tẹ bíréèkì.

Kíììììn!

"Àpínkẹ́, a ti délé." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn nìkan ló ń fi oríkì pe Mofẹ́.

Bí Màmá Àgbà bá ti gbọ́ kíììììn, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Wọ́n á máa wọ́ sálúbàtà bọ̀. Ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Wọ́n á ṣí géètì.

Ní báyìí, Dádì ló ń wa mọ́tò náà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ẹnu géètì, mọ́tò ṣì ń ké.

Kíììììn!

Mofẹ́ á di ojú rẹ̀. Á dà bíi pé Bàbá Àgbà ló jókòó síwájú. Inú rẹ̀ á dùn gan-an.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Dádì àti Mofẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Mọ́kọ́lá. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró níwájú wọn.

Dádì tẹ bíréèkì. Kíììììn! Mọ́tò ò dúró.

Dádì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kíììììn! Gìrììì!

Ó dúró. Díẹ̀ báyìí ló kù kó kọ lu kẹ̀kẹ́ náà.

Dádì mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan mọ́, àfi ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Àǹtí Àmúdàtù ni mẹkáníìkì Bàbá Àgbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà síbẹ̀. Dádì rọra ń wa mọ́tò lọ, bí ẹni tó ru ẹyin.

Dádì sọ fún Àǹtí Àmúdàtù pé bíréèkì ò mú mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn yọ ariwo yẹn kúrò.

Ariwo kẹ̀? Mofẹ́ sáré bọ́ sílẹ̀. Ó dúró níwájú táyà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ohùn Bàbá Àgbà kúrò," ni ó wí. Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Dádì bojú wo inú mọ́tò. Fìlà tó wà lẹ́yìn ìjókòó ni wọ́n ń wò. Àárò Bàbá Àgbà ń sọ àwọn náà.

Àǹtí Àmúdàtù ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní kí Mofẹ́ wá, kí àwọn jọ wò ó ná.

Wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò sókè. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fi sípánà tú táyà. Kó, kó, kó.

Wọ́n yọ ohun pẹlẹbẹ kan jáde. Páàdì ni. Páàdì ló máa ń di irin ẹsẹ̀ mọ́tò mú, kí mọ́tò lè dúró. Ṣùgbọ́n èyí ti jẹ tán. Irin ń ha irin. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké.

"Kì í ṣe orin ló ń kọ, ọmọ mi," ni Àǹtí Àmúdàtù wí. "Ó ń bẹ̀ wá ni."

Wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Wọ́n gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Páàdì tuntun ló wà níbẹ̀. Ó nípọn bíi búrẹ́dì.

"Bàbá ló rà á," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní àwọn á wá fi sí i lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí bíréèkì já Àpínkẹ́ kulẹ̀. Mo ṣì ń retí wọn ni mo gbọ́ pé wọ́n ti lọ. Ta wá ni Àpínkẹ́?"

Mofẹ́ wo páàdì náà títí. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Èmi ni," ni ó wí.

Ó kúrò níwájú táyà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé páàdì Bàbá Àgbà lé Àǹtí Àmúdàtù lọ́wọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Àǹtí Àmúdàtù kó páàdì àtijọ́ fún Mofẹ́. Bí mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohun tó bá yọ, á dá a padà, kí ẹni tó ni mọ́tò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Wọ́n padà sí Bódìjà. Wọ́n dé ẹnu géètì. Dádì tẹ bíréèkì.

Kẹ́kẹ́ pa.

Mọ́tò dúró jẹ́ẹ́. Kò sí kíììììn. Kò sí ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà. Màmá Àgbà ò mọ̀ pé wọ́n ti dé.

Dádì fẹ́ fun fèrè mọ́tò. Mofẹ́ ní kí wọ́n dúró ná.

Ó yọ orí síta lójú fèrèsé. Ó fa atẹ́gùn sínú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Kíììììn!"

Wọ́n ń retí.

Ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà.

Géètì ṣí. Màmá Àgbà wo mọ́tò. Wọ́n wo Mofẹ́, tó ṣì yọ orí síta. Ẹ̀rín pa wọ́n, omijé sì ń bọ́.

"Àpínkẹ́," ni wọ́n wí, "ẹ ti délé."

Láti ọjọ́ náà, páàdì àtijọ́ ni Màmá Àgbà ń fi sí ìdí ilẹ̀kùn pálọ̀, kí atẹ́gùn má baà pa á dé. Ó ṣì ń dá nǹkan dúró.

Mọ́tò kì í ké mọ́. Mofẹ́ ló ń ké. Bàbá tó ń gbé nílé kejì tilẹ̀ ti gba Dádì nímọ̀ràn pé kí wọ́n tètè lọ wo bíréèkì wọn.

Dádì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mofẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.