Ọkọ̀ Tó Sáré Láìsí Ìdè Bàbà

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn ṣì wà láyé. Ẹ bi wọ́n. Wọ́n lè kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí wọ́n tó dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní purọ́.

Adágún gbígbẹ kan ní aṣálẹ̀ Kalifóníà ló ti ṣẹlẹ̀, láyé ìgbà tí ẹni tó bá lóun fẹ́ fi ọkọ̀ oníbátìrì sá eré ìje ń di ẹni ẹ̀sín. Wilma Haskett ti di ẹni ẹ̀sín tipẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ tirẹ̀ pọ̀. Ó ti gbé e wá sórí adágún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì dojú tì í.

Bàbá Buell, olórí àwọn asáré, ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, “Òní ló mọ. Tí ọkọ̀ Wilma ò bá sá ju tèmi lọ, bátìrì kankan ò tún ní tẹ ibí yìí mọ́.” Ó wọnú ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń mu epo, ó sá a lọ, ó sá a bọ̀, ó ń bú bí ààrá. Eré ọ̀hún pọ̀. Ó wá ku Wilma.

Wilma rí i pé wáyà kan ti dẹ̀. Òfin kan sì wà tí àwọn abátìrì kì í fi ṣeré: ẹni tó bá fẹ́ ki ọwọ́ bọnú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ìdè bàbà tó so àwọn bátìrì pọ̀, kó fi sápò ara rẹ̀. Láìsí ìdè yìí, iná ò lè dé ẹ̀rọ, ọkọ̀ ò sì lè rìn. Iná bátìrì kì í pariwo kó tó pa èèyàn. Wilma yọ ọ́, ó fi sápò, ó sì mú wáyà náà le.

“Wilma,” Bàbá Buell pariwo, “ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ ò tíì fọṣọ tán ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Wilma. Ó pa ìdérí dé gbà, ó sì ju ọwọ́ sókè pé òun ti ṣe tán. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ epo ni, ìdákẹ́jẹ́ ìbá ti ta á lólobó. Ṣùgbọ́n bí tirẹ̀ bá ṣetán àti bí kò ṣetán, bákan náà ló ṣe ń dákẹ́. Duane, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa wa ọkọ̀ náà, kò fura. Àsíá wálẹ̀.

Ọkọ̀ náà lọ.

Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Táyà nìkan ló ń dún lórí amọ̀ gbígbẹ. Nígbà tó yá, ìyẹn náà ò dún mọ́. Atẹ́gùn dáwọ́ dúró. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ọkọ̀ náà sì ń kéré sí i lójú wọn.

Wilma ti ọwọ́ bàpò kó lè mú aṣọ ìnujú. Ọwọ́ rẹ̀ kan bàbà. Ó tutù bíi yìnyín nínú oòrùn yẹn. Kò tíì dá a padà sí àyè rẹ̀!

Bàbá Buell wo agogo. Ó tún un wò. “Ó ti jù mí lọ,” ó ní. “Ó jù mí lọ dáadáa.”

Ariwo ayọ̀ sọ. Wilma ò lè dá sí i. Òun àti Bàbá Buell wa ọkọ̀ lọ bá Duane ní òpin adágún. Wilma ṣí ìdérí. Àyè ìdè bàbà ṣófo. Ó wọn àwọn bátìrì wò. Wọ́n kún bámúbámú, bí ẹni pé wọn ò ṣiṣẹ́ kankan. Ó fa ìdè náà yọ lápò, ó fi han Duane.

Duane sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. “Àǹtí, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kí n tó débí. Kò dúró. Ìgbà tó wù ú ló dúró.”

“Òfin ni pé ká sá a padà láti ibí kí wọ́n tó kà á,” ni Bàbá Buell wí.

“Ẹ má bínú. Mi ò wọbẹ̀ mọ́.”

“Bọ́ akoto yẹn fún mi,” ni Wilma wí. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ló fẹ́ rí. Ó fi ìdè bàbà sí àyè rẹ̀, ó pa ìdérí dé, ó wọlé.

Nígbà tó tẹ pẹ́dà, ọkọ̀ náà gbá a mọ́ àga. Táyà ń dún, atẹ́gùn ń pariwo létí rẹ̀, Wilma náà sì ń pariwo. Ó gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ gbọ́ràn, ó dúró. Agogo sọ pé ó ti sá ju ti Duane lọ. Iná inú bátìrì ti dín kù bó ṣe yẹ kó dín kù. Wilma sunkún ayọ̀ lójú gbogbo wọn, kò tijú.

Bàbá Buell wa ọkọ̀ padà wá bá a, ó ṣí fìlà. “Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, kò sẹ́ni tó máa lé ọ níbí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Èyí tó o sá yìí, mo mọ̀ pé tìrẹ ni. Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ta ló sá a?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

Bàbá náà mi orí. Wọ́n ṣí bíà, wọ́n ń dì mọ́ Wilma, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n dúró sí ọ̀tún ọkọ̀ náà, wọ́n dúró sí òsì, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó dúró síwájú rẹ̀.