Omi Nínú Oúnjẹ Ọmọ

Nígbà tí agogo mẹ́wàá lù, Eyínafẹ́ mọ̀ pé ìdánwò ìṣirò ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wọ aṣọ ilé-ìwé, ó pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, aránṣọ tó sọ ọ́ ní Eyínafẹ́ nítorí eyín rẹ̀ tó funfun, ti ṣèlérí pé òun á ti dé wá gba ọmọ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó wọlé.

"Àǹtí, ìdánwò mi ti lọ," Eyínafẹ́ sọ.

"Oníbàárà ló dá mi dúró. Ìdánwò kì í tán láyé, ọdún tó ń bọ̀ kúkú ń bọ̀." Ó na ọwọ́ gba ọmọ. "Ṣé Ọ̀gá mi ti jẹun?"

Kò tiẹ̀ ní kó má bínú. Ìyẹn dun ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ju ìdánwò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, gbọ́ ẹjọ́ náà lórí fóònù, ó ní kó ṣe sùúrù. Eyínafẹ́ kò ní sùúrù kankan láti ṣe. Ẹ̀san ló ń wá, inú ìkòkò ló sì ti rí i.

Òun ló ń se oúnjẹ ọmọ oṣù mẹ́jọ náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ ọ: kó se ọ̀dùnkún àti ẹ̀wà títí wọ́n á fi rọ̀, kó bó èèpo ẹ̀wà, kó ṣa egungun ẹja kúrò, kó gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sì fi epo díẹ̀ sí i.

"Bí o bá da ṣíbí kodò tó ṣàn," nọ́ọ̀sì wí, "omi lò ń fún un. Oúnjẹ ọmọ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ṣíbí."

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ó yọ ẹja, ó sì jẹ ẹ́ nídìí ààrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọ ẹ̀wà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọ̀ ọ̀dùnkún nìkan ló kù nínú omi náà. Ọ̀gá á mu ún tán, ikùn rẹ̀ á yọ, á sùn, kò sì ní pẹ́ tó fi máa tún ké. Bí Àǹtí bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá abọ́ òfìfo, á ní, "Ọmọ mi mà ń jẹun." Eyínafẹ́ á rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ á hàn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń wọn àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn ló ń dúró dè. Nígbà tó pé, nọ́ọ̀sì gbé Ọ̀gá sórí òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún un wọ̀n.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ fi ń bọ́ ọmọ yìí?" Kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rán aṣọ tó dára sọ́rùn ara yín, ẹ wá ń wo ọmọ níran kó máa gbẹ."

Gbogbo ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú padà. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àǹtí ń wo ilẹ̀, omijé ń kán sórí káàdì. Inú Eyínafẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tutù bí ẹni tó mu omi àmù. Ó ti kan ìwọ náà, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, àmọ́ ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, náà dé bá ìtìjú yìí. Àǹtí ra ẹyin pé kó máa fi kún oúnjẹ. Eyínafẹ́ ń jẹ ẹyin náà, ó ń bu omi fún ọmọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá kò la ẹnu. Ọmọ tó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀ bó bá rí ṣíbí, ó kàn ń wò ó ni. Ara rẹ̀ gbóná, ọrùn rẹ̀ kò gba orí rẹ̀ dúró mọ́. Eyínafẹ́ gbé e, ó sáré dé ìsọ̀ aránṣọ láìwọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára. Àǹtí di ẹsẹ̀ ibùsùn mú. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì. "Iṣẹ́ ni mo gbájú mọ́. Èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi."

Eyínafẹ́ kò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. "Kì í ṣe ẹ̀yin, Àǹtí. Omi ni mo ń fún un. Nítorí ìdánwò mi ni."

Àǹtí yíjú sí i. "Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́," ó wí. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Ọ̀gá ṣẹ̀ ọ́?"



Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá lò níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bọ̀ọ̀dá dé, ó kó ẹrù Eyínafẹ́ padà sílé bàbá wọn. Lọ́jọ́ náà ni Àǹtí tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdánwò náà, ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ fún un kó dì mọ́ ọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Eyínafẹ́ ṣe ìdánwò, ó sì yege. Ó lọ sọ fún wọn. Ọ̀gá ti ń rìn. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí gbé e kó tó dé ibẹ̀.

A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ọ́, sọ ọ́ fún un lójú, tàbí kí o wá àgbà tó máa bá ọ sọ ọ́. Ẹ̀san tó bá gba ara aláìṣẹ̀ kọjá ti di ìkà, àforíjì kì í sì í tètè dá ìfọkàntán padà.